ÈKÚTÉ INÚ ILÉ ÀTI ÀÁNÚ ỌMỌLÚÀBÍ

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àpéjọ ẹgbẹ́ wa ní Kétu, Kòsọ́fẹ́

 

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá rò pé ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lónìí kéré jù fún irú àpéjọ báyìí, àwa kò ní bá a jiyàn, nítorí ọ̀rọ̀ èkúté inú ilé ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kékeré kì í pẹ́ di ńlá nígbà tí ó bá ti wọ inú àpò gàárì. Ilé olówó mọ èkúté, ilé tálákà sì mọ̀ ọ́n. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ: nínú ọ̀ràn yìí, ọ̀nà àánú àti ọ̀nà ọgbọ́n, ọ̀nà kan náà ni wọ́n. Ẹni tí ó bá di ihò ilé rẹ̀, tí ó sì bo oúnjẹ rẹ̀, kò ní fi bẹ́ẹ̀ nílò májèlé.

Àwọn baba wa kò pe gbogbo eku ní orúkọ kan ṣoṣo. Wọ́n mọ òkété yàtọ̀ sí ẹmọ́, wọ́n mọ àfè yàtọ̀ sí èlírí, wọ́n sì mọ asín tí òórùn rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Asín yìí pàápàá, àwọn onímọ̀ fi hàn pé kì í ṣe ìran eku rárá, kòkòrò ni oúnjẹ rẹ̀; ẹni tí ó bá ń pa á nítorí gàárì tí ó sọnù ń fìyà jẹ aláìṣẹ̀. Nínú oko, wọ́n ń dẹ ẹ̀bìtì fún eku tí wọn yóò jẹ, òkúta a sì wó lù ú lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ilé, ọ̀tọ̀ ni ọgbọ́n tí wọ́n lò: àgbàdo wà lórí àjà níbi tí èéfín iná ìdáná ń dé, oúnjẹ wà nínú igbá adému, omi wà nínú orù tí ó ní ọmọrí. Ìdí nìyẹn tí òwe wa fi wí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo àgbègbè tiwa. Ọjà Mile 12 li ó ń bọ́ apá púpọ̀ nínú Èkó. Láti òkè Ọya ni ọkọ̀ ńláńlá ti ń kó tòmátì, ata àti àlùbọ́sà wá. Èyí tí ó bá ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà a di ohun tí a dà sílẹ̀. Níbi tí oúnjẹ bá wà nílẹ̀ ní òru, èkúté kò retí ìwé ìpè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Odò Ògùn, nígbà tí ó bá kún dé Agboyi àti àwọn ilẹ̀ rírẹlẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn Mile 12: omi a wọ inú ihò eku, eku a sì wá ibi gbígbẹ lọ, ibi gbígbẹ náà sì ni yàrá ènìyàn. Kì í ṣe ọ̀tá li ó ń wá wa wá. Ebi àti omi li ó ń lé e. Bẹ́ẹ̀ ni ìran rẹ̀ ń yára pọ̀ sí i: abo èkúté kékeré a máa lóyún fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, a sì bí ọmọ márùn-ún, mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá pa mẹ́wàá lónìí, tí oúnjẹ sì wà nílẹ̀ síbẹ̀, mẹ́wàá mìíràn ń bọ̀.

Kí wá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe? Wọ́n ń ra májèlé. Àwọn tí ń ta oògùn eku ń kọjá ní ojú títì wa pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n ń polówó ikú bí ẹni ń polówó àkàrà. Irú kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ eku dì mọ́. Ẹ̀jẹ̀ a máa dà nínú ara rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó kú, a sì kú sínú àjà níbi tí ọwọ́ kò lè dé. Ológbò tàbí òwìwí tí ó bá jẹ òkú náà lè bá a lọ. Irú mìíràn ni omi tí à ń pè ní ọta-pia-pia. Òmíràn nínú rẹ̀ jẹ́ oògùn tí a ṣe fún oko, tí ẹnìkan sì ń pín sínú ìgò kékeré. Ọmọdé kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí omi mímu. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fi òfin de títa ìgò kékeré oògùn dichlorvos ní ọjà gbangba, nítorí ewu tí ó ń ṣe fún ẹ̀mí ènìyàn.

Ẹ̀kẹta ni gọ́ọ̀mù eku, tí ó dàbí àtè tí à ń fi mú ẹyẹ. Eku a lẹ̀ mọ́ ọn, a máa ké, a máa jà, awọ ara rẹ̀ a máa bó, nígbà mìíràn a sì gé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jẹ kí ó lè bọ́. Onílé a gbé e sọ sí ààtàn láàyè. Àwọn àgbà wí pé ẹ̀bìtì tí kò bá peku, kí ó fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn. Gọ́ọ̀mù yìí kò pa á, kò sì fi í sílẹ̀. Àwọn àgbà kan náà li ó wí pé ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò, kí ó lè mọ bí ó ti ń dunni. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin lórí gọ́ọ̀mù yìí ní ọdún 2022, àti láti oṣù keje ọdún 2024 ni kò ti tọ́ fún aráàlú láti dẹ ẹ́ níbẹ̀ mọ́. A kò sọ èyí kí a lè fi òyìnbó ṣe àwòkọ́ṣe, nítorí òwe tiwa ti wà ṣáájú òfin tiwọn. A sọ ọ́ kí ojú má baà tì wá pé àwọn mìíràn ń ṣe ohun tí àwọn baba wa ti wí.

Ẹnìkan lè bi wá pé: àánú wo li ó tọ́ sí ohun tí ń gbé àrùn wọlé? Ìbéèrè náà yẹ. Ní ọdún 1969, a rí àrùn kan ní ìlú Lassa, ní ibi tí ó di Ìpínlẹ̀ Borno lónìí, orúkọ ìlú náà li a sì fi pè é ní ibà Lassa. Eku kan tí ọmú rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn eku mìíràn lọ, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Mastomys, li ó ń gbé e kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ń ba oúnjẹ jẹ́. Ẹni tí ó bá jẹ oúnjẹ náà, tàbí tí ó fi ọwọ́ lásán kun eku náà fún jíjẹ, lè kó àrùn, ó sì lè kó o ran ẹlòmíràn. Ìlú Ọ̀wọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ bí ìrora rẹ̀ ti tó.

Èkó pàápàá ti rí tirẹ̀ rí. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn bẹ́ sílẹ̀ ní Erékùṣù, ó sì yọ ìlú lẹ́nu fún ọdún mélòó kan. Kòkòrò kékeré tí ń fò, tí ń mu ẹ̀jẹ̀ lára eku, li ó ń gbé àrùn náà. Bí eku bá sì kú, kòkòrò a fi òkú sílẹ̀, a wá ara ènìyàn lọ. Dókítà Isaac Ladipo Oluwole, ọmọ ilẹ̀ wa, ṣiṣẹ́ takuntakun pẹ̀lú àwọn wolé-wolé ní ìgbà náà. Wọ́n pa eku púpọ̀, ṣùgbọ́n ìjọba rí i pé pípa nìkan kò tó, nítorí ilé tí ó há àti gọ́tà tí ó dí ni gbòǹgbò rẹ̀. Ní ọdún 1928 ni wọ́n dá àjọ Lagos Executive Development Board sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni èyí: àrùn kò sọ pé kí a ṣe ìkà, ó sọ pé kí a ṣe ìmọ́tótó.

Nítorí náà, ohun tí a ń gbà yín níyànjú nìyí. Èkínní, kí oúnjẹ má ṣe sùn síta. Gàárì, ẹ̀wà àti ìrẹsì, inú ike tàbí agolo tí ó ní ìdérí ni kí wọ́n wà, nítorí eku ń jẹ àpò já. Èkejì, kí a di ihò. Ihò tí pẹ́ńsùlù bá lè wọ̀, èkúté kékeré lè gba ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n kí a tó dì í, kí a fi bébà há ẹnu rẹ̀. Bí kò bá sí ohun tí ó tì í kúrò fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, kò sí ẹ̀mí nínú ihò náà. Nígbà náà ni kí a fi sìmẹ́ǹtì tàbí àwọ̀n irin dí i, kí a má baà sin ìyá àti ọmọ láàyè. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe gbá ìgbẹ́ eku ní gbígbẹ, kí eruku rẹ̀ má baà wọ imú. Kí a kọ́kọ́ fi omi tí a da bílíìṣì sí rin ín, kí a wọ ìbọ̀wọ́, kí a sì nù ún kúrò.

Ológbò ń ṣe ìrànlọ́wọ́, ó sì ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń sọ ọ́ lókò nítorí wọ́n kà á sí ẹran àjẹ́. Ní ti àgò tí ń mú eku láàyè, ó dára bí a bá ń yẹ̀ ẹ́ wò ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tú eku sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé aládùúgbò kò ṣe àánú, ìyọnu ni ó gbé lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bí ó bá di dandan pé kí a pa á, pańpẹ́ tí ó le, tí ń ṣẹ́ ọrùn lẹ́ẹ̀kan náà, li ó sàn jù. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni kí a dẹ ẹ́ sí, nínú àpótí tí ọwọ́ ọmọdé kò lè wọ̀, kí a má sì fi ọwọ́ lásán kan òkú rẹ̀.

Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ibi tí ó kù sí ni ọwọ́ yín. Ilé kan ṣoṣo kò lè lé èkúté bí ààtàn bá wà ní ojúde rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ onílé kọ̀ọ̀kan ní Ìkòsí àti Kétu bá ń gbọ́n gọ́tà rẹ̀, tí olúkúlùkù ìsọ̀ ní Mile 12 bá ń kó ohun tí ó bàjẹ́ kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú, tí àwọn àgbà ọjà sì kọ̀ fún ẹni tí ń ta májèlé nínú ìgò tí kò ní orúkọ, ẹ̀mí àwọn ọmọ wa yóò dè, àwọn ẹ̀dá kékeré náà kì yóò sì jẹ ìyà tí kò nídìí. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ìpàdé yìí fi ẹnu kò sí lónìí ni pé: ta ni yóò kọ́kọ́ gbọ́n gọ́tà iwájú ilé rẹ̀?