Eré Wa Létí Omi

  Ẹni tí ó ti ń kọ ebè láti àárọ̀, tí ó tún mú pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ ní alẹ́, a gbọ́dọ̀ kí i dáadáa.

Olùkọ́ yín ló ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀. Mo bi í pé, "Ọ̀rọ̀ kí ni kí n sọ?" Ó ní kí n sọ nípa eré tí a ń ṣe nígbà tí a wà ní kékeré. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ eré ni àgbà yóò wá sọ níwájú àgbà?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí mo délé tí mo rò ó, mo rí i pé òótọ́ ló sọ. Ọ̀rọ̀ wà nínú eré. Ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́.

Kambolé ni wọ́n bí mi sí. Ní nǹkan bí ọdún 1970, mo jẹ́ ọmọ bí ọdún mẹ́wàá. Agbo ilé wa kún fún ọmọ. Ọmọ ìyá kan, ọmọ bàbá kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá, ọmọ àlejò, gbogbo wa la jọ ń jẹun nínú àwo kan, gbogbo wa la jọ ń ṣeré. A kò ra ohun ìṣeré lọ́jà. Ọwọ́ wa la fi ń ṣe é.

Bọ́ọ̀lù wa, àkísà ni. A ó ká àkísà jọ, a ó fi okùn wé e títí yóò fi le. Mọ́tò wa, agolo àti igi ni. Ayò wa ńkọ́? A kò ní ọpọ́n. Ilẹ̀ la gbẹ́ ihò méjìlá sí, mẹ́fà níwájú tèmi, mẹ́fà níwájú tìrẹ. Ọmọ ayò mẹ́rin ni a ń kó sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Bí ọmọ ayò tí o fi parí bá sọ ihò ẹnìkejì rẹ di méjì tàbí mẹ́ta, o jẹ ẹ́ nìyẹn.

Ẹ wò ó, nígbà náà a kò mọ nọ́ńbà kankan nínú ìwé. Ṣùgbọ́n a ti ń ròpọ̀, a ti ń yọ kúrò, a ti ń pín. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má sọ pé òun kò mọ ìṣirò. Ẹni tí ó bá mọ ayò ta ti mọ ìṣirò. Bí a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ ló kù tí yóò kọ́.

Bí òṣùpá bá yọ, tí àwọn ìyá wa ti fọ àwo tán, ìta ni gbogbo wa ń jáde sí. A ó ṣe bojúbojú. Ẹnì kan yóò di ojú, àwa yòókù yóò sá pamọ́ sẹ́yìn àká, sẹ́yìn igi máńgòrò, sábẹ́ apẹ̀rẹ̀ adìyẹ pàápàá. A ó ṣe ẹkùn mẹ́ran. A ó di ọwọ́ ara wa mú yí ewúrẹ́ ká, kí ẹkùn má baà rí i gbé. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá já, ẹkùn ti wọlé nìyẹn. Àbúrò mi ọkùnrin, tí kò ju ọmọ ọdún méje lọ, ló máa ń fẹ́ jẹ́ ẹkùn ní gbogbo ìgbà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá púpọ̀. Nínú ìjàkadì, àwọn tí ó jù ú lọ ló ń dá lẹ́yìn délẹ̀. Bàbá wa máa ń wò ó, yóò sì sọ pé, "Èyí yóò di akin."

Nígbà mìíràn bàbá wa ń mú èmi lọ tà iṣu. Tchamba la ó kọ́kọ́ dé, kí a tó dé Sokodé. Ní Tchamba, èdè wọn kì í ṣe èdè wa. Ní Sokodé, èdè Kotokoli ni wọ́n ń sọ, tí àwọn fúnra wọn ń pè ní Tem. N kò gbọ́ ọ̀kan nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, eré kò nílò ògbufọ̀. Bí bàbá mi bá ti ń ná owó iṣu, àwọn ọmọdé ibẹ̀ yóò ti ju bọ́ọ̀lù àkísà sí mi. Mo gbá a padà, a ti di ọ̀rẹ́. Sokodé ni mo ti kọ́kọ́ rí ẹni tí ó gun ẹṣin, tí a ṣe ẹṣin náà lọ́ṣọ̀ọ́. Nígbà tí mo padà délé, mo fi igi gígùn ṣe ẹṣin fún àbúrò mi. Ó gùn ún títí igi náà fi dá.

Ohun kan wà tí mo rí ní Sokodé tí n kò fi ọkàn sí nígbà náà. Nínú agbo ilé tí a dé sí, kànga jíjìn ni wọ́n ń pọn. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ ẹnu rẹ̀ sókè. Kò sí ẹni tí ó lè ki ẹsẹ̀ bọ omi náà. Ní àgbàlá yẹn, n kò rí ọmọ kan tí ó jókòó tí a fi àkísà di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ilé tiwa, ọdọọdún ni a ń rí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti omi tiwa. Adágún kan wà lẹ́yìn ìlú. Níbẹ̀ ni àwọn ìyá wa ti ń pọn omi mímu. Níbẹ̀ náà ni àwa ọmọdé ti ń ṣeré ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọyẹ́ bá ti lọ, tí oòrùn bá mú. A ń wẹ̀, a ń da omi sí ara wa lójú, a ń fi amọ̀ mọ màlúù àti ilé. Bí òùngbẹ bá gbẹ wá, a ó bẹ̀rẹ̀, a ó fi ọwọ́ bu omi mu níbẹ̀. Ta ni yóò rò pé ewu wà nínú ohun tí ó dùn báyẹn?

Ní ọdún kan, sòbìà mú mi. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níhìn-ín, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ẹsẹ̀ mi kọ́kọ́ wú, ó lé ròrò, ó ń ta mí bí iná. Nígbà tí ó bẹ́, orí aràn funfun kan yọ bí òwú. Bàbá mi wé e mọ́ igi kékeré kan, ó ń fà á díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. A kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó já, nítorí bí ó bá já, ẹsẹ̀ náà yóò wú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aràn yìí lè gùn tó mítà kan. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ó tó jáde tán. Ìgbà tí a ń gbin ẹ̀bù iṣu gan-an ló ń mú ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ yóò wà nílẹ̀ tí oko rẹ̀ yóò di igbó.

Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo ń gbọ́ ariwo eré àwọn ẹgbẹ́ mi láti òkèèrè. Ọmọ tí ó ń gbọ́ ariwo eré tí kò lè dìde, ìyà rẹ̀ kò kéré. Nígbà tí n kò lè mú un mọ́ra mọ́, mo gbá igi mú, mo tiro lọ sí etí adágún. Àwọn ọ̀rẹ́ mi hó yè nígbà tí wọ́n rí mi. Mo jókòó sórí òkúta, mo ki ẹsẹ̀ mi bọ omi. Háà! Omi náà tutù. Ìrora rọlẹ̀ lójú kan náà. Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni mo ń lọ. Mò ń wo eré wọn, ẹsẹ̀ mi wà nínú omi. Àbúrò mi ló máa ń di ọwọ́ mi mú lọ, òun náà ló máa ń di ọwọ́ mi mú bọ̀. Bí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́, níbẹ̀ ló ti ń bu omi mu.

Ẹsẹ̀ mi san. Ọdún yípo. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tún dé, sòbìà mú méjì nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ó mú àbúrò mi náà. Tirẹ̀ gba orúnkún yọ. Ó wú, ó kẹ̀, ó sì pẹ́ kí ó tó san. Nígbà tí ó san, orúnkún náà ti gan. Kò nà mọ́ títí di òní olónìí. Kò jẹ́ ẹkùn mọ́. Kò ja ìjàkadì mọ́. Àwọn kan ní ayé ló ṣe é. Àwọn kan ní sòbìà wà nínú ẹ̀jẹ̀ olúkúlùkù. A gbà bẹ́ẹ̀. A kò mọ nǹkan mìíràn.

Ní àwọn ọdún 1990, èmi náà ti di bàbá ọmọ. Mo wọ kíláàsì bí irú èyí tí ẹ wà yìí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, olùkọ́ ní kí n dìde kí n ka ojú-ìwé kan sókè. Mò ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo kà nìyí: bí ẹni tí sòbìà mú bá ki ẹsẹ̀ bọ omi, aràn náà yóò tú àwọn ọmọ rẹ̀ sínú omi. Àwọn kòkòrò omi kéékèèké tí ojú kò fi bẹ́ẹ̀ rí yóò gbé wọn mì. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tí ó bá mu omi náà ti gbé sòbìà mì. Aràn náà yóò máa dàgbà nínú ara rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan, kí ó tó yọ síta.

Nígbà tí mo kà á dé "ọdún kan", ohùn mi há. N kò lè kà á tán. Mo jókòó. Olùkọ́ rò pé ọ̀rọ̀ náà ló le jù fún mi láti kà.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ bá àbúrò mi. Ó wà lábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀, ó tẹ́ ọpọ́n ayò sílẹ̀. Láti ìgbà tí kò ti lè sáré mọ́ ni ó ti jókòó ti ayò, ó sì ti di ọ̀ta ayò tí kò sí ẹni tí ó ń nà án ní àdúgbò wa. Mo jókòó níwájú rẹ̀, mo sọ gbogbo ohun tí mo kà fún un. Mo ní, "Èmi ni mo fi í sínú omi yẹn. Ẹsẹ̀ mi ni." Ó dákẹ́ pẹ́. Ó kó ọmọ ayò nínú ihò kan, ó tà á káàkiri. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọdé ni àwa méjèèjì. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wa. Ó kàn yín, ẹ ta."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìdí tí mo fi wá síbí lálẹ́ òní nìyẹn. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wa. Ìwé ló sọ fún mi, lẹ́yìn ogún ọdún.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀ láti ìlú dé ìlú, ẹ wo ohun tí a fi lé sòbìà lọ. Kì í ṣe oògùn. Títí di òní, kò sí oògùn tí ó ń pa á nínú ara, kò sì sí abẹ́rẹ́ tí ó ń dènà rẹ̀. Aṣọ ni a fi ń sẹ́ omi kí a tó mu ún. Kànga ni a gbẹ́. Ẹni tí ó bá ní egbò sòbìà, a kò jẹ́ kí ó wọ inú omi.  Ní ọdún 1986, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ ènìyàn ni sòbìà ń mú lọ́dún ní ayé. Ní ọdún 2023, ènìyàn 14 péré ni. Ní Togo tiwa, ọdún 2006 ni a rí ẹni ìkẹyìn, àjọ ìlera àgbáyé sì jẹ́rìí sí i ní ọdún 2011 pé sòbìà ti kúrò ní ilẹ̀ wa. Ọdún 2006 yẹn náà ni Togo lọ gbá bọ́ọ̀lù àgbáyé ní Jámánì. Ti bọ́ọ̀lù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rántí. Èmi ń rántí méjèèjì.

Ẹ má gbọ́ ọ̀rọ̀ mi sódì o. N kò ní kí ẹ lé ọmọ yín kúrò nídìí eré. Ọmọ tí kò ṣeré kò mọ bí a ti ń bá ènìyàn gbé. Bí ọmọ bá ti bá yín ṣe iṣẹ́ oko tán, ẹ jẹ́ kí ó lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ó ti ń ṣeré. Omi tí kò ṣàn ṣì ní ewu nínú. Sòbìà ti lọ, àtọ̀sí ajá ṣì wà, èyí tí ó ń mú kí ọmọ máa tọ ẹ̀jẹ̀. Òun kì í tilẹ̀ dúró kí ènìyàn mu omi. Ara ló ń gbà wọlé bí ọmọ bá ń wẹ̀ nínú adágún. Bí ẹ bá rí i, ẹ má fi pamọ́. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, oògùn rẹ̀ wà.

Ní ìrọ̀lẹ́ báyìí, àwọn ọmọ ọmọ mi ń sáré káàkiri níwájú ilé. Bí ó bá rẹ̀ wọ́n, wọ́n á lọ jókòó ti bàbá wọn kékeré lábẹ́ igi máńgòrò, òun á sì kọ́ wọn ní ayò. Mo máa ń wo ẹsẹ̀ wọn. Kò sí àkísà kankan níbẹ̀.

 

Ẹ jẹ́ kí a jọ sọ ọ́:

1. Eré wo ni ẹ̀yin ń ṣe ní kékeré? Kí ni ó kọ́ yín?

2. Kí ló dé tí sòbìà kò fi yọ lára àbúrò títí di ọdún kejì?

3. Kí ni ó wà ní ẹnu kànga Sokodé tí kò sí ní adágún Kambolé?

4. Níbo ni àwọn ọmọ yín ti ń ṣeré? Ta ni ó ń wo omi ibẹ̀?

5. Ẹ kọ orúkọ eré mẹ́ta sílẹ̀. Ẹ kà á fún ẹni tí ó jókòó tì yín.