Ọ̀rọ̀ Àdímìnì: Ẹ Dá Kọ̀ǹpútà Ọmọ Náà Padà

Àdímìnì yín ló ń sọ̀rọ̀ láti Ogui. Mo ti ní kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn ò gbé ohùn.

Ẹ̀gbọ́n wa kan gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ọmọ wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tì í mọ́ ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ọmọ kì í sùn lóru, ohun tó ń tẹ̀ ò jọ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà Yahoo ló ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n, mi ò bá yín jà. Ẹ̀rù tó ń bà yín tọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ní kọ̀ǹpáílà lòun ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Iṣẹ́ yẹn náà ni ọmọ mi obìnrin ń kọ́, mo sì jókòó tì í títí ó fi yé mi.

Kọ̀ǹpútà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọ́ Yorùbá. Òdo àti ookan nìkan ló mọ̀. Ẹni tó ń túmọ̀ ohun tí èèyàn kọ fún un ni kọ̀ǹpáílà. Ògbufọ̀ ni. Èyí tí àwọn ọmọ náà ń lò ń jẹ́ LLVM. Chris Lattner àti Vikram Adve ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Yunifásítì Illinois, Amẹ́ríkà, ní 2000. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló lè wo inú rẹ̀, kó sì mú àfikún wá. Òun ni wọ́n fi túmọ̀ ọ̀pọ̀ nǹkan tó wà nínú fóònù Android tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ mi yìí.

Ẹ rántí ìgbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọjà Ogbete. Tí mo bá fẹ́ èènì, àlàyé gígùn ni: "Mo ti ra dọ́sìnnì kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi díẹ̀ sí i lọ́fẹ̀ẹ́." Nígbà tó yá, ẹni tó ń bá mi túmọ̀ mọ̀ ọ́n. Bí mo bá ti pe èènì, á ní "jara", ó tán. Irú ọ̀rọ̀ tí ògbufọ̀ ti mọ̀ fúnra rẹ̀ báyìí ni wọ́n ń pè ní intrinsic.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ká ní ṣọ́ọ̀bù 32 tò lórí ìlà. Ookan ni èyí tó ṣí, òdo ni èyí tó tì. Mélòó ló ṣí? LLVM ní ọ̀rọ̀ kan fún un: llvm.ctpop. Tí ẹ̀rọ bá ní àṣẹ kan ṣoṣo tó ń kà á, bíi POPCNT lára ẹ̀rọ Intel, ògbufọ̀ á lo ìyẹn. Tí ẹ̀rọ ò bá ní in, á fọ́ iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́, á máa rò ó pọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí iye kan náà á fi jáde. Apá yìí ni code generation.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tuntun kún un, á kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sínú ìwé ìlànà. Á fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, á sọ iye nǹkan tó ń gbà àti irú wọn. Á wá sọ ohun tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan máa ṣe: ṣé ó ní in, àbí ká fọ́ ọ? Lẹ́yìn náà ló máa kọ ìdánwò sí i.

Ìwé ìlànà wọn kìlọ̀ pé kéèyàn má sáré dá àṣẹ tuntun pátápátá sílẹ̀ tí intrinsic bá lè ṣe é, torí gbogbo ẹ̀ka ògbufọ̀ ló máa ní láti kọ́ ọ. Ojú mi rí irú ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Mo dá àmì sílẹ̀ nínú ìwé ọjà: 6D, ìyẹn dọ́sìnnì mẹ́fà. Mo sọ fún ẹ̀yin, mi ò sọ fún ẹni tó ń di ẹrù ní Èkó. Ó rò pé dìsáìnì kẹfà ni, ó sì kó ìyẹn wá. Owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀, èmi ni mo san án. Ọmọ tó ń kọ́ irú ìṣọ́ra yìí, iṣẹ́ gidi ló ń kọ́.

Èdè wa náà sì ti wọ̀ ọ́. Karounwi Anuoluwapo ṣe Yorlang, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Yorùbá bíi "sọpé" lèèyàn fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ Yahoo máa ń fara pamọ́. Ti LLVM kì í fara pamọ́: orí GitHub ni wọ́n ń gbé àfikún sí, orúkọ ẹni tó ṣe é wà níbẹ̀, àwọn mìíràn á sì yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbà á. Ẹ dá kọ̀ǹpútà náà padà lónìí, ẹ jókòó tì í, ẹ ní kó fi iṣẹ́ ẹ̀ hàn yín. Tí kò bá rí nǹkan kan fi hàn, ẹ pè mí, a jọ máa bá a wí ni. Tó bá sì rí i fi hàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ọmọ yín.

Ọjà á tà.