Tínnà Tó Gba Imú Wọlé: Ìgbà Wo Ló Ń Jáde?

Ọ̀rọ̀ òní ní ìṣirò nínú, ṣùgbọ́n ẹ má sá. Ìsọdipúpọ̀ àti pínpín ni, fóònù ọwọ́ yín á ṣe é.

Àbúrò mi kan ń kọ́ṣẹ́ páńtà ní Ìpele, iṣẹ́ àwọn tó ń fọ́n ọ̀dà sára mọ́tò. Inú ṣọ́ọ̀bù ló ń sùn, nítòsí agolo ọ̀dà àti tínnà. Mo bi í pé ṣé òòyì kì í kọ́ ọ. Ó ní, "Bọ̀dá, ó máa ń kọ́ mi o, àmọ́ bí mo bá ti jáde síta fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti lọ nìyẹn."

Kí ló lọ gan-an?

Ní 1984, Ramsey àti Andersen ní Amẹ́ríkà gbé ìṣirò kan jáde lórí styrene. Ẹ mọ bodyfiller táwọn pánẹ́bítà fi ń dí ojú ibi tí mọ́tò bá ti tẹ̀ wọnú? Styrene wà nínú ẹ̀. Wọ́n pín ara sí táǹkì mẹ́rin: ọ̀rá, ẹran ara, ẹ̀dọ̀, àti àwọn ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń sáré dé, bí ọpọlọ àti kíndìnrín. Ẹ̀jẹ̀ ni páìpù tó so wọ́n pọ̀, ẹ̀dọ̀fóró ni ẹnu ọ̀nà. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún eku, wọ́n wá yí ìwọ̀n táǹkì àti páìpù sí ti èèyàn. Èsì rẹ̀ sún mọ́ ohun tí wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó fa styrene símú lóòótọ́. Èmi ò mọ ìṣirò míì tó wúlò tó báyìí fún ọmọ iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ jẹ́ ká fi toluene, tó wà nínú ọ̀pọ̀ tínnà, ṣe tiwa. Ohun mẹ́ta la nílò fún táǹkì kọ̀ọ̀kan: bó ṣe tóbi tó, iye ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, àti bó ṣe ń di toluene mú tó.

Ọpọlọ tó nǹkan bíi lítà 1.4. Ẹ̀jẹ̀ tó ń débẹ̀ tó lítà 0.7 ní ìṣẹ́jú kan. Ó ń di toluene mú bí ìlọ́po 2 ti ẹ̀jẹ̀. Ẹ sọ 1.4 di púpọ̀ lọ́nà 2, ẹ fi 0.7 pín in: ìṣẹ́jú 4. Ó ń tètè kún, ó sì ń tètè ṣófo.

Ọ̀rá ńkọ́? Ẹni tó wọn kílò 70 lè ní ọ̀rá lítà 14. Ẹ̀jẹ̀ tó ń débẹ̀ kò ju nǹkan bíi lítà 0.25 lọ ní ìṣẹ́jú kan, bí oko tí mọ́tò kan ṣoṣo ń lọ lójúmọ́. Toluene sì ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rá bí epo pupa ṣe ń lẹ̀ mọ́ abọ́ ike, bí ìlọ́po 60 ti ẹ̀jẹ̀. 14 lọ́nà 60, ẹ fi 0.25 pín in: ìṣẹ́jú 3,360. Wákàtí 56 nìyẹn. Bí ẹ bá ṣe é dé òpin, ìlàjì ohun tó wà nínú ọ̀rá á gbà tó wákàtí 39 kó tó jáde.

Ohun tí àbúrò mi ní ó ti lọ, ti ọpọlọ ni. Ti ọ̀rá ṣì wà níbẹ̀, ó ń kán padà sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tó padà ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Mọ́ńdè, wákàtí 38 ló fi sinmi. Nǹkan bí ìlàjì ló ṣì gbé padà síbi iṣẹ́, ẹni tó lọ mí afẹ́fẹ́ tó mọ́ sì nìyẹn o. Ẹni tó sùn síbẹ̀, ìgbà wo ni tiẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde?

Èémí náà tún wà níbẹ̀. Ẹni tó ń fi sáńpépà ha mọ́tò lè máa mí tó ìlọ́po mẹ́ta ẹni tó jókòó. Ọ̀gá tó jókòó sórí àga àti ọmọ iṣẹ́ tó ń làágùn, òórùn kan náà ni wọ́n ń gbọ́, àmọ́ ohun tó ń wọ ara wọn ò dọ́gba.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ mílíìkì. Wọ́n á ní kí páńtà mu mílíìkì kó lè fọ kẹ́míkà kúrò. Ẹ wo àwòrán táǹkì wa: afẹ́fẹ́ tínnà gba ẹ̀dọ̀fóró wọ ẹ̀jẹ̀ tààrà, kò ya ikùn. Ibo ni mílíìkì ti fẹ́ bá a? Ẹ mu ún bó bá wù yín, ó dùn.

Ti paraga ló léwu jù. Ẹ̀dọ̀ ló ń sọ toluene di ohun tó lè bá ìtọ̀ jáde. Bí ọtí bá dé, ẹ̀dọ̀ á dojú kọ ọtí, toluene á pẹ́ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Kí ẹ sì má rò pé gbogbo ìgbà ni ẹ̀dọ̀ ń gbà wá: benzene inú bẹntiróòlù, ohun tí ẹ̀dọ̀ ń sọ ọ́ dà ló ń ba mùdùnmúdùn inú eegun jẹ́. Torí ẹ̀ ni mo ṣe kórìíra kí wọ́n máa fi bẹntiróòlù fọ ọwọ́.

Ìbòmú aláṣọ ń gba eruku dúró, kì í gba afẹ́fẹ́ tínnà. Èyí tó ní èédú nínú ló lè mú un, èédú náà sì máa ń kún, ẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ẹ̀. Ibi tó ṣí sílẹ̀, ìdérí lórí agolo, ibòmíì láti sùn: ìwọ̀nyí ò wọ́n tó yẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, ẹ fi lítà ọ̀rá tiyín rọ́pò 14 yẹn. Ẹni tó bá sanra á rí i pé tiẹ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.