Suwíìṣì Wo Ni Kí A Rà? Ọ̀rọ̀ Fún Àwọn Oníṣòwò Wa

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹ̀rọ sọ níbi ìpàdé àwọn oníṣòwò inú ẹgbẹ́ wa, ní Peckham

Wọ́n ní kí àwa tí a ń bójú tó ẹ̀rọ inú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wá sọ̀rọ̀ lórí suwíìṣì. Kì í ṣe suwíìṣì tí a fi ń tan iná o. Àpótí pẹlẹbẹ tó ní ihò wáyà mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún tàbí mẹ́rìnlélógún ni à ń wí, èyí tó máa ń wà lábẹ́ káńtà, tí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ káàdì, kámẹ́rà ìṣọ́ àti fóònù ṣọ́ọ̀bù ti ń pàdé.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ní, "Kí ló kàn wá nínú èyí? Ọmọ mi ni yóò bá mi rà á." Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tí ojú tiwa rí.

Ní Sátidé kan tí Kérésìmesì ti ń sún mọ́lé, à ń gba owó ọdún lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, àwọn ọmọ sì ń kọ́ Yorùbá lọ́wọ́ nínú yàrá kejì. Lójijì, ẹ̀rọ káàdì kò ṣiṣẹ́ mọ́. Fóònù dákẹ́. Wi-Fi lọ. A pa gbogbo rẹ̀, a tún tàn án, ibi tó wà náà ló wà. Àwọn tó wá sanwó bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sì mọ̀ pé owó tó bá ti padà sílé, ó ṣòro kó tó tún jáde. Ó tó wákàtí méjì kí a tó rí i pé ọmọ kan rí wáyà tó ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì fẹ́ bá wa tún ilé ṣe, ló bá kì í bọ ihò tó ṣófo. Orí wáyà méjèèjì wà nínú suwíìṣì kan náà. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kan bá rán jáde ń gba orí kan jáde, ó ń gba orí kejì wọlé, ó tún ń jáde, ó ń di púpọ̀ sí i, títí ọ̀nà fi dí pátápátá.

A ò bá ọmọ náà wí. Àwa la ra suwíìṣì tí kò lè dá irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ dúró. Nígbà tí a rà á, a ò béèrè nǹkan kan ju iye ihò rẹ̀ àti iye owó rẹ̀ lọ.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. A sá fún kékeré, a lọ ra ńlá: àlòkù onígun mẹ́rìnlélógún ihò, orúkọ ńlá lára rẹ̀, tí wọ́n tú kúrò ní ọ́fíìsì kan. Ariwo fáànù rẹ̀ dà bí jẹnẹrétọ̀, olùkọ́ àwọn ọmọ ní òun ò lè kọ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iná tó ń jẹ tó 100 wáàtì, tọ̀sán-tòru. Bí yúníìtì iná kan bá jẹ́ 25 pẹ́ńsì, ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: yúníìtì 876 lọ́dún, £219 nìyẹn. Suwíìṣì kékeré tí kò ní fáànù, tó ń jẹ 10 wáàtì, kò ní ju £22 lọ. Owó tí a rò pé a fi pamọ́ nígbà tí a ra àlòkù, owó iná gbà á padà lọ́wọ́ wa.

Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé ọ̀mọ̀wé ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹni tó ti ṣubú ló ń júwe kòtò. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé ni pé kí a má fi orúkọ nìkan ra suwíìṣì. Kí a béèrè ìbéèrè mẹ́rin kí a tó sanwó.

Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi ilé tí ẹ mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ gbé North Peckham Estate, ẹ rántí àwọn afárá òkè. Wọ́n ṣètò ibẹ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1969, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ilé tó lé ní 1,400. Afárá so ilé kan mọ́ èkejì, ó so wọ́n mọ́ Camden Estate àti Gloucester Grove. Èèyàn lè rìn jìnnà lórí rẹ̀ láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Èrò tó dára ni: kí ìyá ọlọ́mọ má bàa pàdé mọ́tò. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó jẹ́ ti gbogbo èèyàn, tí kò ní géètì, kò ní olùṣọ́. Ẹni tó bá ṣe ibi ní ìpẹ̀kun kan lè sá gba ìpẹ̀kun kejì lọ. Nígbà tí ètò Peckham Partnership bẹ̀rẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1990, wọ́n wó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé náà, wọ́n sì kọ́ ilé tí olúkúlùkù ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ ní títì.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ suwíìṣì rí. Ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní hub dà bí ẹni tó dúró lórí afárá tó ń kígbe iṣẹ́ tí wọ́n rán an sí gbogbo ilé. Suwíìṣì dà bí alẹ́tà tó mọ nọ́ńbà ilé, tó ń mú lẹ́tà dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Ilé-iṣẹ́ Kalpana ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde fún Ethernet ní ọdún 1990. Ṣùgbọ́n alẹ́tà náà kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má rìn lórí afárá. Nínú suwíìṣì tó rọrùn jù, tí kò ṣeé ṣètò, fóònù oníbàárà tó ń lo Wi-Fi yín, ẹ̀rọ káàdì yín àti kọ̀ǹpútà tí ìwé owó yín wà nínú rẹ̀, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń rìn. Suwíìṣì tó ṣeé ṣètò ló lè fi géètì sáàárín wọn. VLAN ni wọ́n ń pe géètì náà. Òun náà ló máa ń ní ohun tó ń dá wáyà olórí méjì tiwa yẹn dúró kó tó ba nǹkan jẹ́. Èyí tó ṣeé ṣètò ni kí gbogbo oníṣòwò rà, bó ti wù kó kéré tó.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Òfin kan náà ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ń tẹ̀lé, òfin tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní IEEE ṣe. Òfin VLAN ti ọdún 1998 ni, òfin gigabit lórí wáyà bàbà ti ọdún 1999. Nítorí náà, ihò gigabit ti Cisco kò sáré ju ti TP-Link lọ, bẹ́ẹ̀ ni wáyà àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ gùn ju 100 mítà lọ. Ẹni tó bá ní orúkọ ńlá yóò mú kí íntánẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù yín yára sí i, ọjà ló ń tà. Ibòmíràn ni ìyàtọ̀ wọn wà.

Ìbéèrè kìn-ín-ní: kí ni a ó máa san lẹ́yìn tí a bá ti rà á? Meraki, tí Cisco rà ní ọdún 2012, dára fún ẹni tó ní ẹ̀ka púpọ̀. Ẹ lè jókòó ní Peckham kí ẹ máa wo ti Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n láísẹ́ǹsì ló ń jẹ. Nínú ètò rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń lò, bí láísẹ́ǹsì bá parí tí ọjọ́ 30 sì kọjá láìsan tuntun, ẹ̀rọ lè dáwọ́ iṣẹ́ dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti ra àpótí náà. Netgear ń gba owó ọdún fún ètò Insight tí a fi ń ṣàkóso láti òkèèrè. Instant On ti HPE, UniFi ti Ubiquiti àti MikroTik kò gba owó ọdún lórí suwíìṣì. Omada ti TP-Link ní èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ àti èyí tí a ń sanwó fún. Cisco fúnra rẹ̀ ní Catalyst 1200 àti 1300 fún ilé-iṣẹ́ kékeré, tí kò béèrè láísẹ́ǹsì ọdọọdún. Ẹ rí i pé orúkọ kan náà lè ní ìdáhùn méjì.

Ìbéèrè kejì: ta ni yóò ṣètò rẹ̀, ta ni yóò sì tún un ṣe lálẹ́ Sátidé? Instant On, UniFi àti Omada ṣeé ṣètò lórí fóònù, ọmọ tó gbọ́n lè ṣe é. MikroTik, tó wá láti Latvia, owó rẹ̀ kéré, iṣẹ́ tó lè ṣe pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò sọnù sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ti kọ́ iṣẹ́ Cisco tí wọ́n sì gbàwé ẹ̀rí CCNA. Bí irú wọn bá wà nílé yín, èrè ńlá ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣètò rẹ̀, ẹ gba pásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ tì í mọ́ ibi ìpamọ́. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ló yẹ kó ni kọ́kọ́rọ́.

Ìbéèrè kẹta: iná mélòó ló lè pín? Suwíìṣì kan wà tó ń gbé iná gba inú wáyà kan náà lọ fún kámẹ́rà àti fóònù. PoE ni wọ́n ń pè é. Òfin ọdún 2003 gba 15.4 wáàtì fún ihò kan, ti ọdún 2009 gba 30. Àpapọ̀ iná ni ibi tí wọ́n ti ń mú wa. Suwíìṣì oníhò mẹ́jọ lè ní 65 wáàtì péré lápapọ̀. Bí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan bá fẹ́ 15.4, mẹ́rin péré ni yóò gbé. Mẹ́jọ yóò fẹ́ 123. Ẹ ka àpapọ̀ lára páálí rẹ̀, ẹ má ka ihò nìkan.

Ìbéèrè kẹrin: títí di ìgbà wo ni wọn yóò máa bójú tó o? Ilé-iṣẹ́ ń ra ara wọn. Cisco ra Kalpana ní 1994. Ó ra Linksys ní 2003, ó tà á fún Belkin ní 2013. HP ra 3Com ní 2010, wọ́n ra Aruba ní 2015, HPE sì ra Juniper ní 2025. Orúkọ lè wà lára àpótí kí olóore tó ń ṣọ́ ọ ti lọ. Ẹ béèrè ọjọ́ tí àtúnṣe ààbò yóò dópin, àti ọdún tí wọ́n ṣèlérí pé àwọn yóò fi pààrọ̀ rẹ̀ bó bá bàjẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e lọ sílé, kó béèrè bóyá ìlérí tí wọ́n ṣe ní London yóò tọ́ sí i ní Èkó.

Kí ló dé tí a fi ń sọ èyí nísinsìnyí? BT ti kéde pé ọjọ́ 31 oṣù January 2027 ni wọn yóò pa ètò tẹlifóònù àtijọ́ tó ń gba wáyà bàbà. Íntánẹ́ẹ̀tì ni fóònù ṣọ́ọ̀bù yóò máa gbà lẹ́yìn náà. Fóònù àtijọ́ ń gba iná láti ọ̀dọ̀ wọn, ó ń ṣiṣẹ́ bí iná ilé bá lọ. Tuntun kò rí bẹ́ẹ̀. Bí iná bá lọ, suwíìṣì á kú, fóònù á kú. Ẹ ra bátìrì tí yóò gbé suwíìṣì àti ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì fún wákàtí kan, ó kéré tán. Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí tó ń lo bọ́tìnnì ìpè pàjáwìrì lọ́rùn, ẹ pe àwọn tó fún wọn, ẹ béèrè bóyá yóò ṣiṣẹ́ lórí ètò tuntun. Ẹ má dúró de January.

Ní kúkúrú: ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kan, ẹ̀rọ káàdì kan àti kámẹ́rà méjì sí mẹ́ta, oníhò mẹ́jọ tó ṣeé ṣètò tó sì ní PoE ti tó o. Netgear, Omada, Instant On tàbí UniFi, èyí tí ọmọ yín bá mọ̀ nínú wọn. Ọ́fíìsì tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́wàá sí ogún, kó ra oníhò mẹ́rìnlélógún, kó wo Instant On, UniFi tàbí Catalyst 1300. Ẹni tó ní ẹ̀ka mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò ní ẹni tó lè sáré kiri, Meraki lè yẹ ẹ́, bó bá ti ka owó láísẹ́ǹsì mọ́ ìnáwó ọdọọdún.

Ní ti gbọ̀ngàn wa, a ti ra kékeré tó ṣeé ṣètò. Kò pariwo. Ní Sátidé àkọ́kọ́, a mú ọmọ ọjọ́sí wá, a ní kó ki wáyà náà bọ̀ ọ́ lórí méjèèjì. Iná ihò náà kú fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ káàdì kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Inú ọmọ náà dùn ju tiwa lọ.

Ọjà yóò tà, a ò ní fi owó ra ìyà. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó bá wa ní tábìlì tíì.