Kí A Tó Yáwó Ra Íápíìsì

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, nínú ìwé ẹ̀yáwó tí à ń yẹ̀ wò, a ń rí àwọn tó yáwó ra íápíìsì olówó ńlá. A kò ní kí ẹ má rà á. Ohun tí à ń bi yín ni pé, kí lẹ fẹ́ máa fi gbọ́?

Bó bá ṣe ìròyìn àti ìwàásù, oníwáyà tó o. Kò bèèrè iná. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo fóònù yín, ọ̀pọ̀ tuntun kò ní ihò rẹ̀ mọ́. Aláìníwáyà yẹ télọ̀, kí wáyà má baà há sí ẹ̀rọ rẹ̀. Àmọ́ bátìrì tíńtín inú rẹ̀ kò sábà ṣeé pààrọ̀. Ó lè kú kí ẹ tó san gbèsè rẹ̀ tán.

Ẹni tó ń gbọ́ ọ nínú dánfó ńkọ́? Èyí tó bo etí dáadáa ni kí ó náwó sí, torí ariwo ọkọ̀ ló ń mú ni yí ohùn sókè. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbà má kọjá dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Ti ọmọdé, 75. Ẹ dán etí méjèèjì wò ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì gba rìsíìtì.