Nígbà Tí Camshaft Bá Jẹ
Bí ẹ́ńjìnnì píkọ́ọ̀pù yín bá ń dún "ta-ta-ta", tí kò sì lè gun òkè bíi tàtijọ́, ó ṣeé ṣe kí camshaft ti jẹ. Òun ló ń ṣí fáàfù: bí crankshaft bá yí lẹ́ẹ̀mejì, òun yóò yí lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, kí mẹkáníìkì sàmì sí táímìn kó tó tú u. Bó bá ń fi camshaft tuntun sí i, kó pààrọ̀ tàpẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín camshaft àti fáàfù pẹ̀lú, torí ògbólógbòó tàpẹ́ẹ̀tì yóò tètè ba camshaft tuntun jẹ́. Kó fi gírísì tí wọ́n ń lò fún camshaft pa camshaft tuntun náà lára dáadáa. Bó bá jẹ́ tàpẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sáré ní nǹkan bíi 2,000 rpm fún ìṣẹ́jú 20 kí camshaft àti tàpẹ́ẹ̀tì lè mọwọ́ ara wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì.