Kí Ni A Ń Fi Oògùn Jẹjẹrẹ Wá?

Ọ̀rọ̀ oògùn jẹjẹrẹ tí a ń fà sínú iṣan aláìsàn, èyí tí wọ́n ń pè ní kímò, ni a mú wá síwájú yín.

Ènìyàn méjì lè máa gba oògùn yìí, kí ohun tí a ń fi wá má sì dọ́gba. Ẹni tí kò mọ èyí a máa ṣìṣe. Ẹnì kan yóò ní wọ́n ti gé kókó kúrò lára òun, yóò sì pa oògùn tì. Ẹlòmíràn yóò ta ilé bàbá rẹ̀ nítorí ìwòsàn tí dókítà kò ṣèlérí.

Iṣẹ́ kìn-ín-ní ni ìwòsàn pátápátá. Ní 1958, Denis Burkitt, oníṣẹ́-abẹ ní Kampala, kọ̀wé nípa kókó tí ń mú àwọn ọmọdé ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí ó wà ní ilẹ̀ tiwa pẹ̀lú. Oògùn ni ó ń ṣẹ́gun rẹ̀, kì í ṣe ọ̀bẹ; ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó tètè gbà á, tí ó sì gbà á pé, ni ó ń yè.

Èkejì, a lè lò ó ṣáájú iṣẹ́-abẹ, kí kókó ńlá lè kéré, kí ó ṣe é gé.

Ẹ̀kẹta, a lè lò ó lẹ́yìn iṣẹ́-abẹ. Àwa ọmọ àgbẹ̀ mọ̀ pé igi tí a bẹ́ tí a kò hú gbòǹgbò rẹ̀ yóò tún rú. Oògùn yìí ń wá ìyókù àrùn tí ojú kò rí.

Ẹ̀kẹrin, ó ń ran ìtànṣán lọ́wọ́, irú èyí tí wọ́n ń lò ní ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n ṣí ní LUTH, Ìdí-Àràbà, ní 2019.

Ẹ̀karùn-ún, bí àrùn bá ti tàn ká ara, oògùn lè dá a dúró fún ìgbà kan, kí ó sì dín ìrora kù, kí aláìsàn lè rí oorun sùn, kí ó sì bá àwọn ọmọ rẹ̀ jẹun. Èyí kì í ṣe ẹ̀tàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwòsàn pátápátá.

Nítorí náà, kí aláìsàn tó na apá fún abẹ́rẹ́, kí ó mú ẹni tí ó mọ̀wé lọ́wọ́, kí ó sì béèrè pé: “Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, èwo nínú iṣẹ́ wọ̀nyí ni oògùn yìí wá ṣe fún mi? Ìgbà mélòó ni n ó gbà á?” Kí wọ́n kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Irun lè re, èébì lè gbé e. Ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá gbóná, kí ó padà sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tí ó bá béèrè kì í ṣìnà. Kí Ọlọ́run fún ìlú wa ní àlàáfíà.